Apẹja tó mọ ìgbà tí omi ń yí ló ń jèrè: Ẹ̀kọ́ fáwọn oníṣòwò etí omi Agboyi, Ketu àti Mile 12

Ọkọ̀ méjì lè kúrò ní etí omi kan náà ní Agboyi láàárọ̀, kí wọ́n gbé irú àwọ̀n kan náà, kí wọ́n ra iye epo kan náà sínú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì pa ẹja tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá jókòó ṣírò owó lálẹ́, ọ̀kan yóò jèrè, èkejì yóò máa wá ẹni tí yóò yá a lówó epo ọjọ́ kejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí burúkú. Ohun tó sábà máa ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnì kan bá omi lọ, ẹnì kejì bá omi jà.

Nígbà tí epo kò tíì wọ́n, apẹja lè má ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, iye lítà kan nílé epo NNPC l'Ékòó sì fò láti ìsàlẹ̀ N200 dé N488 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó tún gbówó lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fi ẹ́ńjìnnì bá omi jà, owó ló ń dà sómi.

Bí èèyàn bá gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, ọjà Mile 12 lọkàn rẹ̀ máa ń lọ, níbi tí ata, tòmátò àti iṣu ti ń wọlé láti òkè ọya. Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí pé Kosofe ní omi tó pọ̀. Agboyi wà láàárín omi, ọjọ́ sì ti pẹ́ táwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ojú omi rìnrìn àjò wá sí Ketu. Oworonshoki, níbi tí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990 ti gùnlẹ̀, etí ọ̀sà ló wà. Ajegunle tó wà lójú ọ̀nà Ikorodu, odò Ògùn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Apẹja wà níbẹ̀, awakọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa yanrìn wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń yan ẹja àtàwọn tó ń ta yìnyín náà wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn tí okòwò wọn dúró lé omi yìí la kọ ìròyìn yìí fún.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò lọ́jú pọ̀: ṣé èèyàn lè mọ ibi tí omi máa ṣàn sí lọ́la, kó tó ra epo lónìí? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé mọ̀. Àmọ́ apá kan wà tó dájú bí iye tó wà nínú ìwé, apá kan sì wà tó jẹ́ pé àfi kéèyàn máa bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́.

Ọwọ́ mẹ́ta ló ń ti omi

Kéèyàn tó lè sọ ibi tí omi ń lọ, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń tì í. Lágbègbè wa, ọwọ́ mẹ́ta ni.

Ọwọ́ kìíní ni òkun. Ọ̀sà Èkó ń gba Commodore Channel pàdé òkun, ìyẹn ọ̀nà omi tó wà láàárín Tarkwa Bay àti Victoria Island, tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Apapa. Bí òkun bá kún, omi á ti ẹnu ọ̀nà yìí wọ inú ọ̀sà. Bí òkun bá fà, omi ọ̀sà á tún gba ibẹ̀ jáde.

Ọwọ́ kejì ni odò. Odò Ògùn ń bọ̀ láti agbègbè Ṣakí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì wá tú sínú ọ̀sà lápá Agboyi. Odò kì í wọlé kó tún jáde ní tiẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ ṣáá, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju bó ṣe lágbára tó lọ.

Ọwọ́ kẹta ni atẹ́gùn. Ọ̀sà Èkó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn lọ títí. Nítorí náà, bí atẹ́gùn bá fẹ́ lé e lórí fún wákàtí mélòó kan, omi ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé atẹ́gùn náà.

Bí àwọn ọwọ́ mẹ́ta yìí bá fẹnu kò, omi á yára gan-an. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, omi á dàrú. Iṣẹ́ apẹja tó fẹ́ jèrè ni kó mọ èyí tó lágbára jù lọ́jọ́ tó fẹ́ jáde.

Òṣùpá ló ń mú ìwé omi lọ́wọ́

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òkun ló rọrùn jù láti mọ̀ ṣáájú, nítorí òṣùpá àti oòrùn ló ń fà á, ìrìn àwọn méjèèjì kò sì yẹ̀. L'Ékòó, òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ojúmọ́ kan àti díẹ̀. Ní ẹnu òkun, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Láti ìgbà tí omi bá kún títí di ìgbà tí yóò tún kún, wákàtí 12 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún oníṣòwò ni pé lójoojúmọ́, àsìkò ìkún omi ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú. Bí omi bá kún ní aago 6:00 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò tún kún ní nǹkan bí aago 6:25 ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á di nǹkan bí aago 6:50. Ní Ọjọ́rú, á di nǹkan bí aago 7:40. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àsìkò tí omi ń kún tẹ́lẹ̀ ti di àsìkò tí omi ń fà. Tó bá sì di nǹkan bí ọjọ́ 15, ó ti padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ‘aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde’ láìyí i padà, ọ̀sẹ̀ kan ni omi yóò gbè é, ọ̀sẹ̀ kejì ni omi yóò gba èrè náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Agbára ìṣàn náà ń yí padà. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá jọ ń fa omi pọ̀ ni. Omi á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìṣàn rẹ̀ á sì le, pàápàá ní ọjọ́ kan tàbí méjì tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òṣùpá bá wà ní ìlàjì, omi á rọra. Àwọn àgbà apẹja ti mọ èyí tipẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wo òṣùpá kí wọ́n tó wo àwọ̀n.

Àwọn òyìnbó sọ ìmọ̀ yìí di ìṣirò. Láàárín ọdún 1872 sí 1873, William Thomson, tó padà di Lord Kelvin, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yí ọwọ́ rẹ̀, yóò ya ìkún àti ìfà omi èbúté kan fún odidi ọdún sórí ìwé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Arthur Doodson fi ṣírò omi etí òkun Normandy ní ilẹ̀ Faransé, kí àwọn ológun tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944. Bí ọ̀gágun bá lè dúró de omi, kí ló dé tí ẹni tó ń lọ pa ẹpìyà kò fi ní dúró dè é?

Lónìí, ẹni tó bá ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lè rí àsìkò ìkún omi Èkó fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láìsan kọ́bọ̀ ju owó dátà lọ.

Àmọ́ Agboyi kì í ṣe ẹnu òkun

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tó ń lo fóònù ti ń kọsẹ̀. Àsìkò tí wọ́n kọ sí ‘Lagos’ lórí fóònù, ẹnu òkun ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún. Omi tó wọ Commodore Channel ṣì ní láti gba abẹ́ àwọn afárá, kó la ọ̀sà kọjá, kó tó dé Oworonshoki, ká má tíì sọ Agboyi. Ó ń pẹ́ lọ́nà, agbára rẹ̀ sì ń dín kù bó ṣe ń lọ. Nígbà tí ẹnu òkun ti ń fà, omi lè ṣì máa wọlé lọ́dọ̀ tiyín.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí olúkúlùkù ṣe ìwé omi ti etí omi rẹ̀. Kò gba owó. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ sínú omi níbi tí ọkọ̀ kò ti ní gbá a, kí ẹ sì fà ilà sí i lára. Lójoojúmọ́, kí ẹnì kan kọ àsìkò tí omi dáwọ́ kíkún dúró, kó sì kọ àsìkò tí fóònù ní kí ó kún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ká ní fóònù sọ pé aago 7:10, tí omi yín sì dúró ní aago 9:40, wákàtí méjì ààbọ̀ ni ìyàtọ̀ náà. Bí ẹ bá ṣe é fún ọjọ́ 15, kí òṣùpá lè ti ara lílé bọ́ sí àrànmọ́jú lójú yín, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ náà ń rìn létòlétò. Ẹ mú èyí tó wà láàárín, kí ẹ máa fi kún ti fóònù. Ẹ ti ní ìwé omi tiyín nìyẹn.

Ohun kan wà tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Pé omi dáwọ́ kíkún dúró kò túmọ̀ sí pé ìṣàn ti yí padà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Nínú ọ̀nà omi tó há, omi lè ti dẹ́kun àtigòkè lára igi kí ìṣàn rẹ̀ ṣì máa wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìṣàn, ẹ bu omi sínú ike omi òfìfo títí yóò fi rì dé ọrùn, kí atẹ́gùn má baà rí ibi tì í, kí ẹ sì jù ú sójú omi. Ẹ wọn mítà 20 sí etí omi, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó lò láti kọjá. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú àáyá 40, ìdajì mítà ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Ọmọ ilé ìwé lè bá yín ṣe é.

Nígbà tí odò bá gba ìjọba

Ìwé omi tí ẹ ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò Ògùn a máa rọra, omi iyọ̀ òkun á sì ráyè wọ inú ọ̀sà dáadáa. Nígbà òjò, odò náà á gbé gbogbo ohun tó rí láti òkè bọ̀, ó sì lè tì débi pé kódà bí òkun bá ń kún, omi ojú odò á ṣì máa lọ sí ìsàlẹ̀. Igi tí ẹ rì mọ́lẹ̀ á sọ pé omi ń gòkè, ike yín á sọ pé omi ń jáde, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ìyípadà omi yìí ń kan ọjà pẹ̀lú. Bí iyọ̀ inú omi ṣe ń pọ̀ tàbí tó ń dín, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹja, edé àti akàn tó ń wọ àwọ̀n ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ewéko water hyacinth, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Benin gba ojú omi Badagry wọ Èkó lọ́dún 1984. Omi tí kò níyọ̀ ló fẹ́ràn. Nígbà òjò, ìṣàn odò á máa kó o bọ̀ bí ẹní, á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, á sì di ojú àwọ̀n. Tí omi iyọ̀ bá wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apẹja tó mọ ibi tí ìṣàn ń lọ yóò mọ ibi tí ewéko náà máa kó jọ sí lọ́la, kò sì ní lọ ta àwọ̀n síbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà lókè odò, ìyẹn ìsédò Ọ̀yán lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1983. Ó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 270 mítà onígun mẹ́ta, àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority ló sì ń bójú tó o. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọ́n gbọ́dọ̀ tú lára omi náà sílẹ̀ kí ìsédò má baà bàjẹ́, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń bọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, òjò ńlá àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ yìí bo Ajegunle ojú ọ̀nà Ikorodu àti àyíká Mile 12. Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ló sá kúrò nílé. Àwọn oníṣòwò tó kó ọjà sílẹ̀ níbẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé ọdún yẹn.

Òṣùpá kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọ́n fẹ́ ṣí ìsédò. Ìròyìn ló ń sọ ọ́. Nigeria Hydrological Services Agency, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 2010, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún láti ọdún 2013. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́, NiMet, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, náà ń sọ bí òjò yóò ṣe rọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé oṣù Kọkànlá, ó yẹ kí ẹgbẹ́ apẹja àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan ẹja ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ìròyìn Ọ̀yán, kó sì máa pe àwọn yòókù. Omi tí wọ́n tú lókè kì í dé ìsàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àkókò tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n tú u àti ìgbà tó dé ni ẹni tó gbọ́ ìròyìn fi ń kó àwọ̀n, ìgèrè àti ọjà rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Fún ẹni tó ń lọ sí agbami

Àwọn kan lára àwọn tó ń ra ẹja láti tà ní Ketu àti Mile 12, ọwọ́ àwọn tó ń lọ sójú òkun gan-an ni wọ́n ti ń rà á. Níbẹ̀, ìṣàn mìíràn tún wà. Ìṣàn kan tí wọ́n ń pè ní Guinea Current ń gba etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti apá Côte d'Ivoire, ó gba Gánà, Tógò àti Benin kọjá wá sí Nàìjíríà, ó sì ń lọ sí ìlà oòrùn. Ó sábà máa ń le ní àárín ọdún ju ìgbà ọ̀yẹ́ lọ, ó sì máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Apẹja tó bá tú àwọ̀n sílẹ̀ kó máa léfòó lálẹ́, ìlà oòrùn ló yẹ kó ti kọ́kọ́ wá a láàárọ̀.

Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń gòkè wá sójú ní etí òkun Gánà àti Côte d'Ivoire. Omi tútù náà ń kó oúnjẹ ẹja bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹja fi máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wọn lásìkò yẹn. Oníṣòwò ẹja tó bá mọ èyí á mọ ìgbà tí ọjà lè wọlé láti apá ibẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti sọ ìmọ̀ yìí di iṣẹ́ ìlú. Ní Íńdíà, láti ọdún 1999 ni àjọ INCOIS tó wà ní Hyderabad ti wà, ó sì ń fi èdè ìbílẹ̀ sọ fún àwọn apẹja ibi tí ẹja lè pọ̀ sí, nípa wíwo òkun láti ojú sátẹ́láìtì. Ní Gánà, Yunifásítì tó wà ní Legon ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ igi nípa bí òkun yóò ṣe rí. Ní Yúróòpù, iléeṣẹ́ Copernicus Marine ń ṣírò ìṣàn òkun gbogbo àgbáyé fún ọjọ́ 10 tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. L'Ékòó níbí, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun, NIOMR, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, wà ní Victoria Island.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ. Àwọn ìṣirò ńlá wọ̀nyí ń pín òkun sí ìwọ̀n tó fẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 8 tàbí 9. Fún agbami, ó wúlò. Fún odò kékeré Agboyi, kò tilẹ̀ rí i rárá. Igi tí ẹ rì mọ́lẹ̀ àti ike yín ṣì ni ọ̀gá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó rẹ̀

Ká ní ẹ́ńjìnnì yín ń sáré kìlómítà 10 ní wákàtí kan lórí omi tó dúró jẹ́ẹ́. Ká ní ibi tí ẹ ti ń pa ẹja jìnnà ní kìlómítà 10, omi sì ń ṣàn ní kìlómítà 2 ní wákàtí kan. Bí ẹ bá bá omi lọ, ìṣẹ́jú 50 lẹ ó fi débẹ̀. Bí ẹ bá kọjú sí omi, ìṣẹ́jú 75 ni.

Ẹni tó bá omi lọ, tó sì dúró kí omi yí kó tó padà, ìṣẹ́jú 100 ló lò ní àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó kọjú sí omi lálọ, tó tún kọjú sí i lábọ̀, ìṣẹ́jú 150 ló lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń jẹ lítà 6 ní wákàtí kan, lítà 10 ni ẹni àkọ́kọ́ jó, lítà 15 ni ẹnì kejì jó. Bí lítà kan bá jẹ́ N1,000, N5,000 ni ìyàtọ̀ náà lójúmọ́. Fún ọjọ́ 20 lóṣù, N100,000 ni. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta epo ládùúgbò yín rọ́pò N1,000 náà, kí ẹ tún un ṣírò. Owó yìí kò ti ara ẹja jáde, ara àsìkò ló ti jáde.

Ti ẹni tó ń fi àjẹ̀ wakọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ kìlómítà 4 ní wákàtí kan, ìrìn kìlómítà 6 tó yẹ kó fi wákàtí kan rìn pẹ̀lú omi, wákàtí mẹ́ta ni yóò fi rìn ín tó bá kọjú sí i. Ibi tó máa fi dé ibi iṣẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Àwọ̀n náà ní tiẹ̀. Ìṣàn tó le lẹ́yìn àrànmọ́jú lè wọ́ àwọ̀n kúrò níbi tí wọ́n ta á sí, kó sì kó ìdọ̀tí sí i. Lásìkò tí omi bá dúró díẹ̀ kó tó yí ló rọrùn jù láti ta á. Ẹja pẹ̀lú ń bá omi rìn: bí omi bá ń kún, wọ́n á sún mọ́ etí koríko láti jẹun, bí ó bá ń fà, wọ́n á padà sínú ọ̀gbun.

Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ náà ní ìpín

Ìyá tó ń yan ẹja ní Agboyi lè má wọkọ̀ rárá, síbẹ̀ omi ló ń darí rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé omi kò ní yí títí di aago 2 ọ̀sán, yóò mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ tó gbọ́n kò ní tètè dé. Kò ní dáná láti aago 11, kò ní jó igi dànù. Oníyìnyín yóò mọ ìgbà tó yẹ kó gbé yìnyín wá kó má baà yọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ẹja lọ sí Ketu yóò mọ ìgbà tó yẹ kó pe ọlọ́kọ̀.

Ìmọ̀ tó bá tètè dé máa ń di owó. Ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, láàárín ọdún 1997 sí 2001, fóònù alágbèéká dé etí òkun wọn. Kó tó dé, apẹja lè gbé ẹja wọ etíkun kan kó má rí ẹni rà á, kó sì da ẹja nù, nígbà tí ọjà tí kò jìnnà sí i ń wá ẹja. Nígbà tí wọ́n ní fóònù, wọ́n ń béèrè láti ojú omi kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Robert Jensen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó ṣe ìwádìí náà, tó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2007, rí i pé èrè apẹja fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, iye tí àwọn oníbàárà ń rà á sì fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ẹni tó ń tà jèrè, ẹni tó ń rà náà jèrè. Bí ẹgbẹ́ etí omi kan bá lè gbé pátákó kan sí ibùdókọ̀, kí wọ́n máa fi ẹfun kọ àsìkò tí omi yóò yí lọ́la, gbogbo ọjà ni yóò jẹ níbẹ̀.

Ìṣirò kò ní kéèyàn má bẹ̀rù

Òkun kì í hó ruuru ká wà á ruuru. Bí ìwé omi bá sọ pé ó yẹ kí ẹ jáde, tí ojú ọ̀run sì ṣú, ẹ gbọ́ ti ojú ọ̀run. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn òkun sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Bí ó bá pàdé omi tó ń jáde lọ sókun, ìgbì á ga, á sì sún mọ́ra wọn, pàápàá lápá ẹnu òkun. Ọ̀nà tó tẹ́jú láàárọ̀ lè di ewu ní aago 3 ọ̀sán. Wíwa yanrìn nínú ọ̀sà náà ń yí ìsàlẹ̀ omi padà, nítorí náà ibi tí kò jìn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè ti di ọ̀gbun. LASWA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó àti NIWA tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ń kìlọ̀ nígbà gbogbo pé kí àwọn èèyàn wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi, kí wọ́n má sì kó èrò lálẹ́. Owó jákẹ́ẹ̀tì kò tó owó ẹ́ńjìnnì, ẹ̀mí kò sì ní iye.

Ní kúkúrú, kí ẹ tó ra epo lálẹ́ òní, ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ọjọ́ mélòó ni òṣùpá lò lẹ́yìn tó lé tàbí lẹ́yìn tó di àrànmọ́jú? Aago mélòó ni omi etí omi tiyín yóò yí, kì í ṣe ti ẹnu òkun? Báwo ni òjò ṣe ń rọ̀ lókè, ṣé wọ́n ti ń tú omi Ọ̀yán? Ibo ni atẹ́gùn yóò ti fẹ́ lọ́sàn-án? Ẹni tó bá ní ìdáhùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣe ìdajì iṣẹ́ ọ̀la kó tó sùn. Ìwé kékeré kan àti bírò ni ohun èlò rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti lítà epo kan.